Kíbọ́ọ̀dù tí a fi ń kọ Yorùbá lámì: Gboard, Mac àti Word lórí ìwọ̀n

Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀lọpọ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù yín. Lẹ́tà méje ni. Mẹ́rin nínú wọn ní àmì abẹ́, mẹ́ta nínú mẹ́rin náà sì tún gbé àmì ohùn lérí. Kíbọ́ọ̀dù tó bá jẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tán láìdúró ṣeé fi kọ̀wé. Èyí tó bá ń dá yín dúró lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ óò fi í kọ Yorùbá alámì fún ọjọ́ méjì, lọ́jọ́ kẹta ẹ óò padà sí "opolopo". Ẹ̀bi yín kọ́ nìyẹn, irinṣẹ́ ni kò bá yín ṣe é.

Irinṣẹ́ mẹ́ta ni mo gbé lé ìwọ̀n níbí: Gboard ti Google lórí fóònù Android, ABC – Extended tó wà nínú kọ̀ǹpútà Mac, àti Microsoft Word lórí Windows. Ẹni tó ń kọ Yorùbá lójoojúmọ́ ni mo ní lọ́kàn: olùkọ́ tó ń ṣètò ìdánwò, akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ fídíò, ẹni tó ń ta aṣọ lórí Instagram tó sì fẹ́ kí orúkọ ọjà rẹ̀ jáde bó ṣe yẹ. Bí mo ṣe rí i ni pé Mac ló ṣíwájú, ó sì fi ọ̀nà jíjìn ṣíwájú. Gboard tó fún WhatsApp àti Facebook bí ẹ bá lè fi ìdajì wákàtí tún un ṣe. Word kò ṣetán fún Yorùbá bí ẹ ṣe rà á, ṣùgbọ́n ó ṣeé kọ́.

Ibi tí wàhálà ti ń wá

Kí a tó dá kíbọ́ọ̀dù kankan lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Fáwẹ́lì àìránmúpè méje ni Yorùbá ní: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba àmì ohùn òkè, ìyẹn mí, tàbí ti ohùn ìsàlẹ̀, ìyẹn dò. Ohùn àárín, re, kì í sábà gba àmì. Ẹ fi ṣ kún un, kí ẹ sì fi n àti m tó ń dá dúró bíi sílébù kún un, irú èyí tó wà nínú ń lọ, ǹjẹ́ àti òròm̀bó.

Unicode ni àkójọ kóòdù tí fóònù àti kọ̀ǹpútà òde òní fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Ó ní kóòdù kan ṣoṣo fún á, à, é, è, í, ì, ó, ò, ú, ù. Ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹ, ọ, ṣ, ń, ǹ àti ḿ. Ṣùgbọ́n kò ní kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀ àti m̀. Àwọn márùn-ún yìí, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá wọn, méjì la máa ń so pọ̀ kí wọ́n tó jáde: lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà àmì ohùn tó ń gun orí lẹ́tà tó ṣíwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kò sí ojú ìwé Yorùbá tí ẹ óò ṣí tí ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní kún inú rẹ̀.

Èdè Faransé ń fi àmì kan sórí lẹ́tà kan, ó parí. Tiwa ń béèrè àmì lókè àti lábẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èdè Vietnam ń béèrè bẹ́ẹ̀, àmọ́ gbogbo lẹ́tà tiwọn ló ti wà nínú Unicode lódindi. Kódà, ẹ àti ọ tí a ń lò, àwọn ará Vietnam náà ń lò wọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa wúlò nígbà tí a bá dé orí fọ́ǹtì.

Gboard lórí Android

Gboard máa ń wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android kí ẹ tó rà á. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni lórí Play Store. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lò ó tí wọn kò mọ̀ pé Yorùbá wà nínú rẹ̀, nítorí ẹ ní láti pè é kó tó jáde. Ẹ ṣí ibi tí ẹ ti lè kọ ọ̀rọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì kọ́mà mọ́lẹ̀ títí àwòrán jíà yóò fi yọ, ẹ fa ìka sórí rẹ̀. Ẹ wọ Languages, ẹ tẹ Add Keyboard, ẹ wá Yoruba, ẹ tẹ Done. Láti ìgbà náà lọ, ẹ ó máa tẹ bọ́tìnì àyè, èyí gígùn tó wà nísàlẹ̀, mọ́lẹ̀ láti pààrọ̀ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá.

Bí ẹ bá di lẹ́tà mú, àwọn àbúrò rẹ̀ alámì yóò yọ sókè, ẹ óò fa ìka sórí èyí tí ẹ fẹ́. Ó ṣiṣẹ́, lẹ́tà tó ń gbé jáde sì péye. Ìṣòro rẹ̀ ni ìdúró náà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀, ìgbà mẹ́rin ni ẹ óò dúró de àpótí kékeré yẹn. Nínú gbólóhùn elẹ́wàá ọ̀rọ̀, ó lè tó ìgbà ogún. Àtàǹpàkò á rẹ̀ yín kí ọ̀rọ̀ tó parí.

Àtúnṣe àkọ́kọ́: ẹ wọ Preferences nínú jíà kan náà, ẹ wá Key long press delay, kí ẹ dín iye tó wà níbẹ̀ kù. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa dín in. Bí ó bá kéré jù, lẹ́tà alámì yóò máa yọjú nígbà tí ẹ kò pè é, pàápàá bí ọwọ́ yín kò bá yá.

Àtúnṣe kejì ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Gboard ní ìwé atúmọ̀ tiyín fúnra yín. Ẹ wọ Dictionary, lẹ́yìn náà Personal dictionary, ẹ yan Yorùbá, ẹ tẹ àmì +. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà lámì sí ìlà òkè, kí ẹ kọ ìgékúrú rẹ̀ sí ìlà ìsàlẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, opp fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, ekar fún Ẹ káàárọ̀, bni fún bẹ́ẹ̀ ni, ntp fún nítorí pé, egb fún ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ẹ bá tẹ opp, ọ̀pọ̀lọpọ̀ yóò yọ lórí pẹpẹ ìmọ̀ràn tó wà lókè kíbọ́ọ̀dù, ẹ óò tẹ̀ ẹ́, ó parí. Ìtẹ̀ mẹ́rin ni, kò sí ìdúró.

Ẹ má kó ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bí ọgbọ̀n, kí ẹ sì yan àwọn kéékèèké tó ń padà wá nínú gbogbo gbólóhùn: ọ̀rọ̀, ọjọ́, ọmọ, wọ́n, lọ́wọ́, lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin, ọ̀la. Ẹ fi orúkọ àwọn tí ẹ ń kọ̀wé sí jùlọ kún un. Kí Ṣadé máa rí orúkọ rẹ̀ bí Ṣadé, kí ó má máa rí "Sade" láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ọ̀wọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn.

Àṣìṣe tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹra fún ni kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tó ní ojú púpọ̀ ṣe ìgékúrú ara rẹ̀. Bí ẹ bá sọ "oko" di ọkọ̀, ọjọ́ tí ẹ bá ń sọ nípa oko àgbàdo tàbí ọkọ ìyàwó, ìmọ̀ràn tí kò tọ́ ni yóò yọ, ìka yóò sì tẹ̀ ẹ́ kí ojú tó rí i. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgékúrú tirẹ̀: okmt fún ọkọ̀ tó jẹ́ mọ́tò, okiy fún ọkọ ìyàwó, okro fún ọkọ́ tí a fi ń roko.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Text correction kí ẹ pa Auto-correction. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì bá wà lórí kíbọ́ọ̀dù, ó lè máa "tún" ọ̀rọ̀ Yorùbá kéékèèké ṣe láìbéèrè, kí "ti" di "to" kí "wa" sì di "was". Ẹ má pa pẹpẹ ìmọ̀ràn o, ibẹ̀ ni àwọn ìgékúrú yín ti ń yọ.

Nǹkan kan wà tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Bí ẹ bá tẹ ọ̀ tí ẹ sì tẹ bọ́tìnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ ìgbà àmì ohùn nìkan ni yóò lọ, ọ yóò dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ ò tí ẹ sì pa á rẹ́, gbogbo lẹ́tà ló ń lọ. Kì í ṣe pé fóònù bàjẹ́. Ọ̀ jẹ́ kóòdù méjì, ò jẹ́ kóòdù kan, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ lókè. Bí ẹ bá fẹ́ padà sí àárín ọ̀rọ̀ láti tún àmì ṣe, ẹ má fi ìka gún ojú fóònù kiri. Ẹ fa ìka lọ sósì tàbí sọ́tùn-ún lórí bọ́tìnì àyè, kọ́sọ̀ yóò máa tẹ̀ lé e lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan.

Fún ọ̀rọ̀ gígùn tí ẹ ń fi ránṣẹ́ léraléra, bíi àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù tàbí ìdáhùn sí "èló ni?", Clipboard inú Gboard dára. Àmọ́ wákàtí kan péré ló ń tọ́jú ohun tí ẹ bá dà kọ, àfi tí ẹ bá di ọ̀rọ̀ náà mú kí ẹ sì tẹ Pin. Èyí tí ẹ bá fi Pin dè kì í lọ.

Gboard wà fún iPhone náà. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ fi nǹkan kún iPhone rẹ̀ lè ṣe irú ìgékúrú kan náà ní Settings, General, Keyboard, Text Replacement.

SMS: ibi tí àmì ti ń di owó

Èyí kò sí lọ́wọ́ kíbọ́ọ̀dù kankan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ìkéde ránṣẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ nípasẹ̀ SMS gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí owó rẹ̀ má báa sun iná. Péèjì SMS kan ń gba lẹ́tà 160. Àwọn ará Yúróòpù ló to àkójọ lẹ́tà rẹ̀, tiwọn ni wọ́n sì rò. À, è, ì, ò, ù àti é wà níbẹ̀. Á, í, ó àti ú kò sí. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn tí kò sí níbẹ̀ bá wọ inú ọ̀rọ̀ yín, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà yóò yí padà sí ìlànà mìíràn, péèjì kan yóò sì já láti 160 sí 70. Bí ó bá ju péèjì kan lọ, 67 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìkéde kan ní lẹ́tà àti àyè 150. Láìsí àmì, péèjì kan ni. Ẹ wá kọ ọ́ lámì, kí ogún nínú lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ irú ẹ́ àti ọ̀. Ogún yẹn ń kà méjì-méjì, iye náà di 170, ó sì di péèjì mẹ́ta. Fún ọmọ ẹgbẹ́ 500, dípò owó péèjì 500, péèjì 1,500 ni ẹ óò san owó rẹ̀.

Mo fẹ́ràn àmì ohùn ju ẹni tó lè gbà pé kí a yọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n lórí SMS olówó, mo gbà kí ẹ yọ ọ́, bí ẹ bá ti yẹ gbólóhùn náà wò fún ìtumọ̀ méjì. Nínú ìkéde ìmọ́tótó àdúgbò, "e mu owo wa" lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀, àwọn kan yóò sì mú èyí tí ẹ kò ní lọ́kàn wá. Ẹ kọ "e mu naira 2,000 wa" tàbí "e mu igbale wa". WhatsApp àti Telegram kì í ka péèjì, nítorí náà kò sí àwáwí fún Yorùbá aláìlámì níbẹ̀.

ABC – Extended lórí Mac

Èyí ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, mo sì ní ìdí. Kì í ṣe Yorùbá ni wọ́n dárúkọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń polówó rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà nínú gbogbo Mac lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wọ System Settings, Keyboard, ẹ tẹ Edit lẹ́gbẹ̀ẹ́ Input Sources, ẹ tẹ +, ẹ yan English, ẹ wá ABC – Extended. Lórí Mac àtijọ́, U.S. Extended ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà kankan kò kúrò ní ipò rẹ̀, nítorí náà ẹ lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá pọ̀, láìpààrọ̀ ohunkóhun.

Mẹ́ta péré ni ohun tí ẹ ní láti mọ̀ sórí. Option pẹ̀lú X ń fi àmì abẹ́ sí lẹ́tà tó bá tẹ̀ lé e: Option+X, e, ó di ẹ, Option+X, s, ó di ṣ. Option pẹ̀lú E ni ohùn òkè: Option+E, a, ó di á. Option pẹ̀lú àmì ` tó wà lókè lọ́wọ́ òsì ni ohùn ìsàlẹ̀: Option+`, a, ó di à.

Fún àwọn márùn-ún olórí kunkun, Shift ló kù. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ẹ tàbí ọ tán, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Shift+Option+E kí ohùn òkè gun orí rẹ̀, tàbí Shift+Option+` fún ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀ síra: láìsí Shift, àmì ló ń ṣíwájú lẹ́tà; pẹ̀lú Shift, lẹ́tà ló ń ṣíwájú àmì. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ti máa ń ṣìnà, wọ́n á rí àmì tó gun orí lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀. M̀ náà ń jáde lọ́nà kan náà: m, lẹ́yìn náà Shift+Option+`.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń gba ìtẹ̀ mẹ́rìnlá lọ́nà yìí. Ó dún bí ẹni pé ó pọ̀, àmọ́ kò sí ìdúró kankan nínú rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ìka yóò sì ti mọ ọ̀nà bí ẹsẹ̀ ṣe ń mọ ọ̀nà oko. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo áàpù: nínú Word, nínú ìmeèlì, nínú WhatsApp orí kọ̀ǹpútà, lórí orúkọ fáìlì.

Àléébù rẹ̀ ni iye owó Mac fúnra rẹ̀, ìyẹn ò ṣe é fi bò. Èkejì ni pé kò mọ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè. Ẹ óò rí ìlà pupa lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, kò sì ní kìlọ̀ fún yín bí ẹ bá kọ ọ̀wọ̀ síbi tí ọwọ́ yẹ. Ẹ pa ìṣàyẹ̀wò sípẹ́lì nínú áàpù tí ẹ ń lò kí ojú yín lè sinmi.

Windows àti Word

Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tirẹ̀. Ẹ wọ Settings, Time & language, Language & region, ẹ fi Yorùbá kún un, kí ẹ sì máa fi bọ́tìnì Windows pẹ̀lú àyè pààrọ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí n gbé e ga ni pé lẹ́tà tó ń jáde kì í fi gbogbo ìgbà bá èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí bọ́tìnì mu. Ẹ ní láti tẹ Windows+Ctrl+O kí àwòrán kíbọ́ọ̀dù yọ sójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì kọ́ ọ láti ibẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀wé láìwo ọwọ́ yóò jìyà fún ìgbà díẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé inú Word nìkan ni iṣẹ́ yín wà, ọ̀nà mìíràn wà tí mo fẹ́ràn jù. Word ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ fún lẹ́tà alámì kan: Ctrl+' lẹ́yìn náà a ń fún yín ní á, Ctrl+` lẹ́yìn náà a ń fún yín ní à. Fún àmì abẹ́, ẹ kọ kóòdù lẹ́tà náà kí ẹ tẹ Alt+X. 1EB9 ń di ẹ, 1EB8 ń di Ẹ. 1ECD ń di ọ, 1ECC ń di Ọ. 1E63 ń di ṣ, 1E62 ń di Ṣ. Lẹ́yìn ẹ tàbí ọ, ẹ kọ 0301 kí ẹ tẹ Alt+X fún ohùn òkè, 0300 fún ti ìsàlẹ̀. 0144 ni ń, 01F9 ni ǹ.

Ìdẹkùn kan wà níbẹ̀. Àwọn kóòdù yìí ń lo nọ́ńbà àti lẹ́tà láti A dé F. Bí ẹ bá fẹ́ kọ "dọ́gba", tí ẹ tẹ d, tí ẹ sì kọ 1ECD mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, Word yóò ka "d1ECD" pọ̀, nǹkan mìíràn ni yóò sì jáde. Ẹ fi máòsì yan lẹ́tà mẹ́rin kóòdù náà nìkan kí ẹ tó tẹ Alt+X. Ọ̀rọ̀ tó bá ní b, d tàbí f ṣáájú ẹ tàbí ọ ni èyí máa ń bá jà, ìyẹn bẹ́ẹ̀, dẹ́rùbà, fẹ́, fọ̀, bọ̀wọ̀. Ẹ rí i pé wọn kò kéré.

Alt+X dára fún ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́. Fún iṣẹ́ gidi, ẹ wọ Insert, Symbol, More Symbols, ẹ wá ẹ, ẹ tẹ Shortcut Key, ẹ fún un ní Alt+E. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ pẹ̀lú Alt+O, fún ṣ pẹ̀lú Alt+S. Nínú àpótí kan náà, ẹ ṣí àkójọ tí wọ́n pè ní Subset, ẹ wá Combining Diacritical Marks, ẹ yan àmì ohùn méjèèjì, kí ẹ fún wọn ní Alt+J àti Alt+K. Lẹ́yìn èyí, Word lórí Windows fẹ́rẹ̀ẹ́ yá bíi Mac. Inú Word tó wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló ń ṣiṣẹ́ o. Bí ẹ bá lọ sí káfè tàbí sí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ẹ óò tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

AutoCorrect inú Word ń ṣe iṣẹ́ ìgékúrú bíi ti Gboard, àmọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ àyè, àmì ìdánudúró tàbí Enter nìkan ló ń yí ọ̀rọ̀ padà, nítorí náà odindi ọ̀rọ̀ ni kí ẹ máa kó síbẹ̀, ẹ má kó lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá fẹ́ kíbọ́ọ̀dù kan náà fún gbogbo áàpù lórí Windows láìrà ohunkóhun, kó wo Keyman tí àjọ SIL ń ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, ó ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ó sì wà fún Windows, Mac, Linux, Android àti iPhone.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá ní Kétu, Sakété tàbí Pọ̀tọ̀nóvò, tí ẹ ń lo àkọtọ́ orílẹ̀-èdè Benin, 025B ni ɛ, 0254 ni ɔ. Àmì ohùn tiyín náà ń lo 0301 àti 0300.

Ohun tó ń bàjẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti kọ ọ́ tán

Ọ̀kan náà lójú, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà: ìyẹn ni àrùn tó pọ̀ jù. Ẹ́ lè jẹ́ ẹ pẹ̀lú àmì òkè. Ó lè jẹ́ é pẹ̀lú àmì abẹ́. Ó sì lè jẹ́ e lásán tí wọ́n fi àmì méjèèjì lé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí akọ̀wé mẹ́ta bá fi kíbọ́ọ̀dù mẹ́ta kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sínú ìwé kan, ẹ lè wá orúkọ tó wà níwájú yín kí áàpù sọ pé kò sí. Ìwòsàn rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní NFC, tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di irú kan. Ẹni tó mọ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, lè fi ìlà kan ṣe é: unicodedata.normalize("NFC", ọ̀rọ̀). Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí gbogbo akọ̀wé ẹgbẹ́ gbà láti lo kíbọ́ọ̀dù kan náà.

NFC kò lè wo èkejì sàn. Àwọn kan ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sí abẹ́ lẹ́tà bí ìwé àtijọ́ ṣe máa ń ṣe, àwọn mìíràn ń fi kókó sí i. Lójú Unicode, ohun méjì tí kò bára tan ni wọ́n. Ẹ máa lo kókó, torí òun ló wà nínú ẹ, ọ àti ṣ tí gbogbo kíbọ́ọ̀dù tí mo dárúkọ ń gbé jáde.

Lórí fọ́ǹtì, àwọn tó ń ṣe ìwé ìpè àti pátákó ìpolówó ni mo ń bá wí. Fọ́ǹtì oge púpọ̀ kò ní ẹ. Áàpù yóò yá ẹ láti inú fọ́ǹtì mìíràn, orúkọ ìyàwó yóò sì jáde lórí ìwé ìpè bí aṣọ tí wọ́n fi aṣọ mìíràn lẹ̀. Ẹ rántí Vietnam. Lórí Google Fonts, ẹ yan Vietnamese nínú àkójọ èdè, fọ́ǹtì tó bá yọ yóò ní ẹ àti ọ. Ṣ kò sí nínú èdè wọn, nítorí náà ẹ tẹ "Ṣọlá" sínú àpótí ìdánwò kí ẹ tó gbà á. Ẹ tẹ "ọ̀rẹ́" náà, kí ẹ wò bóyá àmì ohùn jókòó sí àárín orí lẹ́tà tàbí ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Noto Sans, Gentium, Charis SIL àti Andika kì í jáni kulẹ̀.

Ibi mẹ́ta wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ lo àmì sí: pásíwọ́ọ̀dù, àdírẹ́sì ìmeèlì, àti fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa fi wé orúkọ tó wà nínú ìwé mìíràn. Pásíwọ́ọ̀dù tó ní ọ̀ yóò tì yín síta lọ́jọ́ tí ẹ bá dé orí kọ̀ǹpútà tí kò lè tẹ ọ̀. Lórí fọ́ọ̀mù, ẹ kọ orúkọ bó ṣe wà lórí ìwé àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́.

Kí ẹ tó fi kíbọ́ọ̀dù èyíkéyìí ṣe tiyín, ẹ fi gbólóhùn yìí dán an wò: "Ǹjẹ́ Ṣọlá rí òròm̀bó, ẹ̀pà àti ọṣẹ dúdú rà ní Ọ̀ṣun lọ́jọ́ Ẹtì?" Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ dúró kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ tán. Ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù mìíràn, kí ẹ wò bóyá àpótí òfìfo kankan wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó gbà á fi kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ wá òròm̀bó àti ẹ̀pà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá rí méjèèjì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.